Bí Omi Kò Bá Tòrò: Àyípadà Ojú-Ọjọ́ àti Àlàáfíà Àwùjọ

Ìfáárà

Bí ọmọ Yorùbá méjì bá pàdé, yálà nínú ọjà ni tàbí lójú ọ̀nà oko, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn: 'Ṣé àlàáfíà ni?' Ìbéèrè kan ṣoṣo ni létí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wádìí pọ̀. Ó ń béèrè bóyá ara le, bóyá àwọn ọmọ ń jẹun, bóyá ọkọ àti aya wà ní ìrẹ́pọ̀, bóyá ọjà ń tà, àti bóyá ìlú tí ẹni náà ti ń bọ̀ fara rọ. Láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú èdè Yorùbá, ìlera sì ni ó dúró fún níbẹ̀. Ẹnu àwọn Yorùbá ni ó ti gbòòrò, tí ó fi di pé kò sí ààlà mọ́ láàárín ara tí ó le, ilé tí ó tòrò àti ìlú tí ó rójú.

Ọgbọ́n ńlá ni ó wà nínú gbígbòòrò tí ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò. Ara kì í le pẹ́ títí nínú ilé tí kò fara rọ, ilé kì í sì í fara rọ nínú ìlú tí ó ń tú. Ọgbọ́n yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àyípadà ojú-ọjọ́ àti ìlera. Nígbà tí àgbàrá bá gbé ilé lọ, oníròyìn a ka iye ilé tí ó wó àti iye ènìyàn tí ó kú. Oníṣègùn a ka iye àwọn tí ibà tàbí onígbáméjì mú. Ìṣirò méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n àlàáfíà kọjá ohun tí ìṣirò méjèèjì lè kó tán. Àròkọ yìí dá lé ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà tán: àwùjọ fúnra rẹ̀, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo oògùn tí ẹ̀dá ní.

Àkókò àti Àìsàn Lójú Àwọn Baba Ńlá

Yorùbá ayé àtijọ́ kò ní ẹ̀rọ tí ó ń wọn ooru tàbí òjò, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìmọ̀ àkókò. Wọ́n mọ òjò àkọ́rọ̀ yàtọ̀ sí àrọ̀kúrò. Wọ́n mọ̀ pé láàárín oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe ni àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ igbó, pé òjò a máa gbilẹ̀ ní Òkúdù àti Agẹmọ, pé a máa dákẹ́ díẹ̀ nínú oṣù Ògún, kí ó tó tún padà ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà. Bí Bélú bá wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn dé nìyẹn. Bí ó bá sì di Ọ̀pẹ̀, ọyẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti apá aṣálẹ̀ wá.

Bí wọ́n ti mọ àkókò òjò ni wọ́n mọ àkókò àìsàn. Ọ̀fìnkìn àti ikọ́ ni ti ìgbà ọyẹ́. Sọ̀bìà a máa jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi adágún bá fà tí ó ku díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ìgbóná náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn òbí a sì máa kìlọ̀ fún ọmọ pé kí ó má rìn kiri nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ibà ni ti ìgbà òjò, ìdí nìyí tí ìyá ilé fi ń wá èèpo igi ahùn àti ewé mìíràn sílẹ̀ fún àgbo kí òjò tó dá ọ̀nà oko dúró. Ẹni tí ó bá mọ oṣù tí òun wà, ó mọ ohun tí òun yóò ṣọ́ra fún.

Kì í ṣe pé gbogbo àlàyé àwọn baba ńlá nípa orísun àrùn ni ó tọ̀nà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó lé ìgbóná kúrò láyé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀; kì í ṣe yíyẹra fún oòrùn. Ṣùgbọ́n ètò àkókò tí wọ́n mọ̀ jẹ́ ìkìlọ̀ fún wọn. Ó fún wọn ní àyè láti múra sílẹ̀, ìmúrasílẹ̀ sì jẹ́ ìdajì ìwòsàn. Ohun tí ó ń bàjẹ́ lónìí ni ètò náà. Àkọ́rọ̀ a tan àgbẹ̀ jẹ: yóò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, àgbẹ̀ yóò gbin àgbàdo, òjò yóò sì dá wáí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí irúgbìn yóò fi kú sínú ebè. Nígbà mìíràn, òjò tí ó yẹ kí ó rọ̀ fún oṣù kan yóò fẹ́ rọ̀ tán ní ọjọ́ díẹ̀. Bí àkókò bá ti ṣì ní ọ̀nà, ìmọ̀ tí ó ń darí oko, omi àti àgbo náà yóò ṣì ní ọ̀nà pẹ̀lú.

Ohun tí Ó Dé Bá Òfurufú

Ohun tí ó fa ìyípadà yìí kò fara sin mọ́. Láti nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń sun èédú inú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì. Èéfín wọn ń kó afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sí òfurufú, afẹ́fẹ́ náà sì ń dá ooru dúró kí ó má lè padà sókè, bí ẹni tí ó da aṣọ òtútù bora ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ayé ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, nǹkan bí 280 ni kábọ́ọ̀nù yìí; ní 2024 ó ti kọjá 420. Láàárín 2011 àti 2020, ayé fi nǹkan bí ìwọ̀n 1.1 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì gbóná ju bí ó ti rí láàárín 1850 àti 1900 lọ. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù nínú gbogbo ọdún tí ẹ̀rọ ti wọ̀n títí di ìgbà náà, ooru rẹ̀ sì kọjá 1.5.

Ìwọ̀n kan àti ààbọ̀ lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tí ó ti mọ ooru Èrèlè. Ṣùgbọ́n fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ bá gbóná sí i, ó lè gbé nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ó bá sì tú ẹrù yìí sílẹ̀, òjò alágbára ni yóò jẹ́. Omi òkun pàápàá ń fẹ̀ bí ó ti ń gbóná, yìnyín orí ilẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ olótùútù sì ń yọ́ sínú rẹ̀. Láàárín 1901 àti 2018, ojú òkun ayé gbé sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pátá kò dá tó ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ayé ń tú jáde. Òwe àwọn àgbà bá ọ̀rọ̀ yìí mu: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹni tí ó jẹ kòkòrò ń gbé ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí kò rí oorun sùn ni apẹja etí òkun Ìlàjẹ.

Láti Ojú Ọ̀run Dé Inú Ara

Ọ̀nà tí àyípadà yìí ń gbà wọ inú ara pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀fọn. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún 2023, nǹkan bí ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ibà tí ó mú ènìyàn láyé ni ó wà ní Nàìjíríà, àti nǹkan bí ìdá mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ikú tí ibà fà. Kì í ṣe pé ooru púpọ̀ ni ó ń mú ibà pọ̀ ní gbogbo ibi; bí ooru bá kọjá ààlà, ẹ̀fọn pàápàá kì í pẹ́ kú. Ohun tí ó léwu jù ní ilẹ̀ Yorùbá ni omi tí ó dúró sójú kan lẹ́yìn òjò alágbára: nínú kòtò ojú ọ̀nà, nínú gọ́tà tí ìdọ̀tí dí, àti ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá rò pé omi iyọ̀ yóò lé ẹ̀fọn kúrò ní etí òkun tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí ẹ̀yà ẹ̀fọn ibà kan wà ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí omi tí iyọ̀ dà pọ̀ mọ́ kì í dí lọ́wọ́ láti yé ẹyin.

Ẹ̀kejì ni onígbáméjì. Ìparí 1970 ni àrùn yìí kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà nínú àjàkálẹ̀ tí ó kárí ayé nígbà náà, Èkó sì wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ farahàn. Ní oṣù Òkúdù 2024, ó tún gbilẹ̀ ní Èkó. Kòkòrò tí ó ń fà á fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ó wà ní ọ̀sà àti ẹnu odò. Bí àgbàrá bá ru ìgbẹ́ láti inú ṣáláńgá lọ sínú kànga, àrùn náà kò nílò ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án.

Ẹ̀kẹta ni ooru fúnra rẹ̀, èyí tí kì í pariwo. Àgbàlagbà, aboyún, ọmọ ọwọ́ àti ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú oòrùn ni ó ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ilé alámọ̀ tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá máa ń tutù ju ilé tí páànù bò láìsí àjà lọ. Igi odán tí àwọn ìṣáájú gbìn síwájú ààfin àti sí ọjà kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Ibùsinmi ni, ibi ìpàdé ni, ilé ìwòsàn ooru sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n gé odán lulẹ̀ láti kọ́ ìsọ̀, ìlú pàdánù òjìji, ó sì pàdánù ibi tí àwọn arúgbó ti ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Arúgbó tí ẹnikẹ́ni kò rí láàárọ̀ ni ooru ń pa láìsí ẹni tí ó mọ̀ títí di alẹ́.

Àgbàrá Ìbàdàn

Ọjọ́ méjì kan wà nínú ìtàn ìlú Ìbàdàn tí ó yẹ kí á gbé yẹ̀ wò pọ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún 2011, òjò ńlá mìíràn tún rọ̀, odò ìlú sì ru bo bèbè. Iye ènìyàn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Oṣù tí ìmọ̀ àtijọ́ kà sí ìgbà tí òjò máa ń sinmi ni méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Kò ní tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru ojú-ọjọ́. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Ìbàdàn, onílé gbà fún un: ilé wà lójú ọ̀nà omi, ìdọ̀tí sì wà nínú odò. Èyí gan-an ni ó yẹ kí ó yéni nípa àyípadà ojú-ọjọ́: kì í sábà dá àrùn tuntun sílẹ̀, àléébù tí ó ti wà nínú àwùjọ ni ó máa ń wá. Níbi tí gọ́tà ti dí, tí kànga kò ní ìdérí, tí aládùúgbò kò mọ aládùúgbò, ibẹ̀ ni ó ń gbà wọlé. Àdúgbò tí wọ́n ti mọ ẹni tí kò lè rìn, tí ọ̀dọ́ sì mọ ilé tí yóò kọ́kọ́ sá lọ láti gbé arúgbó jáde, a máa sin òkú díẹ̀ ju èyí tí olúkúlùkù ti ń sá àsálà fún ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní irú omi tí àdúgbò kò lè sá fún ní òru kan, nítorí kì í wá lọ. Irú rẹ̀ ni ó dé bá Ayétòrò.

Ayétòrò àti Òkun

Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan láti inú ìjọ Aládùúrà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí inúnibíni lé kúrò nílé, tẹ ìlú kan dó sí etí òkun Àtìláńtíìkì, ní ibi tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Wọ́n pa ohun ìní wọn pọ̀ sójú kan. Apẹja kò ta ẹja sí àpò ara rẹ̀, ahunṣọ kò hunṣọ fún èrè ara rẹ̀. Àpò kan ni gbogbo owó ń wọ̀, inú rẹ̀ ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n ṣe búrẹ́dì, wọ́n sì tan iná mànàmáná nínú àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó tóbi jù ú lọ ṣì wà nínú òkùnkùn. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni ètò àjùmọ̀ní náà tú, tí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun tirẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú náà kò yí padà. Àwọn àlejò a tilẹ̀ máa pè é ní Ìlú Aláyọ̀.

Orúkọ náà yẹ fún àkíyèsí. Ọ̀rọ̀ omi ni 'tòrò' jẹ́ lédè Yorùbá. Omi tí ẹsẹ̀ ènìyàn àti ẹran ti rú yóò dúdú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ẹrẹ̀ yóò rọlẹ̀, omi yóò sì mọ́ títí ojú yóò fi tó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ń sọ pé omi tòrò. Àwọn tí wọ́n fi Ayétòrò sọ ìlú wọn ń sọ pé ayé àwọn tí inúnibíni ti rú ti fìdí kalẹ̀, ó ti mọ́. Àlàáfíà ni wọ́n fi omi ṣàpèjúwe. Omi náà ni ó sì wá ń tú u ká.

Ilẹ̀ ẹrẹ̀ rírọ̀ ni etíkun Máhìn níbi tí Ayétòrò wà, kì í ṣe yanrìn líle. Kò ní agbára púpọ̀ láti dúró de ìgbì. Àwọn ipa-odò tí wọ́n gbẹ́ ní agbègbè náà fún iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ṣí ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú àbàtà olómi dídùn, igi àbàtà kú, ilẹ̀ tí gbòǹgbò wọn dì mú sì tú. Lórí gbogbo èyí ni òkun tí ó ń gbé sókè wá gun. Láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ni ó ti ń jẹ ìlú náà díẹ̀díẹ̀: òpópónà, ilé, ìsọ̀, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, àti itẹ́ òkú. Wọ́n ti ṣí ilé ìjọsìn wọn nípò sẹ́yìn nítorí òkun. Ní 2004 wọ́n kéde iṣẹ́ ìdènà òkun fún ìlú náà. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, òkun ṣì ń wọlé. Òpó iná mànàmáná tí ó jẹ́ ìwúrí ìlú rí ti di ohun tí ìgbì ń fọ́ lù.

Bí oníṣègùn bá wo Ayétòrò, àìsàn tí ó lè kà wà níbẹ̀. Omi mímu ṣọ̀wọ́n níbi tí omi yí ènìyàn ká, nítorí iyọ̀ ni. Òjò tí wọ́n bá gbè ni ìrètí. Aboyún tí ilé ìgbẹ̀bí etílé rẹ̀ bá ti wà lábẹ́ omi, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e nínú ìrọbí. Apẹja tí ó ti pàdánù àwọ̀n àti ilé yóò jẹun díẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì rọrùn fún ibà láti wó. Gbogbo èyí ni ìwé ilé ìwòsàn lè gbà sílẹ̀.

Ohun tí Kò Wọ Inú Ìwé Ilé Ìwòsàn

Ohun mẹ́ta ni kò wọ inú ìwé náà. Àkọ́kọ́ ni òkú. Kò sí ohun tí ń so Yorùbá mọ́ ilẹ̀ bí ibojì. Ibi tí wọ́n sin baba sí ni ẹ̀rí pé ilé náà jẹ́ ti ọmọ. Ibẹ̀ ni ọmọ ń padà sí láti sọ ẹdùn ọkàn. Bí òkun bá hú ibojì, ìbànújẹ́ tí ó dé kò ní abẹ́rẹ́. Ọmọ tí ó ti sin ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò tún sunkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sì ní rí ibi tí yóò tún un sin sí. Àìsùn, ìrònú àti ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó ń ti èyí wá jẹ́ àìsàn gidi, bí kò tilẹ̀ mú ara gbóná.

Èkejì ni èdè. Ìlàjẹ wà lára ẹ̀ka-èdè Yorùbá ti gúúsù-ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Ìkálẹ̀, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìjẹ̀bú. Èdè apẹja ni. Orúkọ oríṣiríṣi àwọ̀n, ẹja, ìgbì, afẹ́fẹ́ àti ìṣísẹ̀ omi tí ó wà nínú rẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìdajì wọn. Kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá mọ orúkọ afẹ́fẹ́ tí ń ṣáájú ìjì yóò tètè yí ọkọ̀ padà. Ẹ̀mí ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá wá sá lọ sí ibi tí ó bá rí, ọmọ tí wọ́n bá bí ní ìlú àjèjì kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nítorí kò ní rí ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àjọṣe. Ẹni tí ó kúrò ní Ayétòrò lè dé Èkó, nítorí pé àwọn Ìlàjẹ wà lára àwọn tí ó ti ń gbé orí omi ní Mákòkó láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà kò fọkàn balẹ̀. Ní 2012, ìjọba wó apá kan rẹ̀. Ẹni tí òkun lé ní ìlú rẹ̀, tí katakata sì lé ní ibi tí ó sá sí, kò mọ ibi tí yóò pè ní ilé. Ní ìlú tirẹ̀, ó mọ ẹni tí yóò gbé ọmọ fún bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ó mọ ẹni tí yóò yá a lówó oògùn. Ó mọ ìyá àgbà tí yóò wo ojú ọmọ, tí yóò sì sọ pé kí wọ́n má ṣe dúró di òwúrọ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ìlú àjèjì, gbogbo ìwọ̀nyí di ohun tí owó ń rà. Ìdí nìyí tí kíkó ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ewu fi lè gba ẹ̀mí là, kí ó sì pa àlàáfíà.

Ẹ̀kọ́ Inú Sọ̀bìà

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni ìlú kékeré lè ṣe sí ohun tí ayé rírọ̀ bí òjò fà. Sọ̀bìà lè dá a lóhùn díẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí wọ́n kà ní Nàìjíríà pé sọ̀bìà ń dà láàmú lé ní 600,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara. Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá wà lára ibi tí àwọn onímọ̀ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó lé e lọ ni aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mu, oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún, kànga tí wọ́n gbẹ́, àti àwọn ará abúlé tí wọ́n yàn láàárín ara wọn láti máa wo ẹsẹ̀ aládùúgbò, kí ẹni tí ó ní egbò má baà ti ẹsẹ̀ bọ omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà rin ọ̀pọ̀ abúlé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2008 ni ẹni ìkẹyìn ní i ní Nàìjíríà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán ní orílẹ̀-èdè yìí.

Sọ̀bìà kò dọ́gba pẹ̀lú òkun. Orísun sọ̀bìà wà nínú adágún abúlé. Orísun òkun tí ó ń gbé sókè wà ní ilé-iṣẹ́ ayé, àwọn tí ó dá a sílẹ̀ sì ni gbèsè rẹ̀ tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: kò sí ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ sọ̀bìà ní òun nìkan. Bí ilé kan bá sẹ́ omi tí ilé kejì kò sẹ́ ẹ, àdánù ni. Àwùjọ ni ó ṣàìsàn, àwùjọ ni ó sì sàn.

Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe ti hàn. Bí ó bá di dandan kí ìlú etí òkun kan ṣí, kí ó ṣí pọ̀, kí ó sì ti mọ ibi tí ó ń lọ kí omi tó dé ẹnu ọ̀nà: ọba àti ìjọ rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ rẹ̀, agbẹ̀bí àti àwọn tí ó gbà á gbọ́, àti ìyókù àwọn òkú tí wọ́n bá lè rí kó. Kí ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ sì súnmọ́ omi, nítorí apẹja tí wọ́n gbìn sí orí òkè ti di aláìríṣẹ́. Àwọn òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru, ni àwọn àgbà wí. Ìṣípò tí kò ní ètò jẹ́ wíwa òkun ruru.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá náà ní iṣẹ́ tiwọn. Lọ́dọọdún ni àjọ tí ó ń mójú tó ojú-ọjọ́ ní Nàìjíríà ń ṣe ìkéde ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Ìkéde tí kò bá dé inú oko ní èdè tí oko gbọ́ kò tíì di ìkéde. Àkọ́rọ̀ ni kí wọ́n pè é fún àgbẹ̀, kí wọ́n sì wí i ní ohùn Ìlàjẹ fún Ìlàjẹ, ní ohùn Ìbàràpá fún Ìbàràpá. Iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi kó orúkọ afẹ́fẹ́ àti ìgbì jọ lẹ́nu àwọn apẹja àgbà kì í ṣe iṣẹ́ gírámà lásán. Iṣẹ́ ìlera ni. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọdé ní orúkọ oṣù Yorùbá sì lè fi kún un kí ọmọ náà máa kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ sílẹ̀, kí ó fi wé ohun tí bàbá àgbà rẹ̀ sọ. Nínú ọdún díẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan yóò ti ní ìwé àkókò tí ó bá ayé òde òní mu.

Ìkádìí

Ìlera loògùn ọrọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n oògùn ìlera fúnra rẹ̀ ni kí ènìyàn ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ bí wọn kò bá rí i, tí wọ́n sì ń gbọ́ èdè rẹ̀. Àyípadà ojú-ọjọ́ ń mú ibà wá, ó ń mú onígbáméjì wá, ó sì ń mú ooru tí ń pa arúgbó wá; oníṣègùn ní ohun tí yóò fi bá ìwọ̀nyí jà. Ìlú tí ó bá tú kò ní oníṣègùn. Bí ìjọba, àwọn ọba àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá ń ṣètò fún àkókò tí ń bọ̀, kí wọ́n ṣètò fún ìlú gẹ́gẹ́ bí ìlú, kì í ṣe fún orí kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹran. Nígbà náà ni ẹni tí wọ́n bá bi léèrè pé 'Ṣé àlàáfíà ni?' yóò lè dáhùn láìparọ́, kódà bí òkun bá ti gba ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí.